Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Àwọn Tí Wọ́n Ń Kí Lọ́nà

Bí àlejò bá dé Iníṣà tó ní kí wọ́n fi ẹni tó mọ èèyàn kí jù lọ han òun, ilé bàbá mi ni wọ́n máa mú un lọ. Ọlọ́rundáre lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Rélùwéè ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Àwọn obìnrin àdúgbò á ní, "Bàbá Rélùwéè? Háà! Wọn kì í kọjá ilé ẹni láìdúró. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí ọmọ rẹ, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kí adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé." Àlùfáà ìjọ wa tilẹ̀ fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní irú ìfẹ́ ọmọnìkejì bẹ́ẹ̀ ti di ohun àwátì láàrin àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Èmi Adétóun, àkọ́bí wọn, wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo fi ìwé orin bo ẹnu, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ń yìn yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bàbá tí mo bá láyé kì í dúró kí ẹnikẹ́ni.

Òkukù ni wọ́n bí wọn sí, nínú ilé àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n di géńdé, wọ́n ní oko kò wu àwọn, pé ìró ọkọ̀ ojú irin ti gba ọkàn àwọn láti kékeré. Ni wọ́n bá wọ iṣẹ́ rélùwéè. Wọn kì í wa ọkọ̀, wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa rin ojú irin láàárọ̀, kí wọ́n máa wo ibi tí nọ́ọ̀tì ti tú, ibi tí pákó abẹ́ irin ti jẹrà, ibi tí àgbàrá ti wọ́ òkúta lọ, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ má baà yẹ̀. Wọ́n lè rin Ìkìrun sí Iníṣà lónìí, kí wọ́n rin Iníṣà sí Òkukù lọ́la. Òòlù á wà léjìká wọn, sípánà á wà lọ́wọ́. Wọ́n á fi òòlù kan irin, wọ́n á tẹ́tí. Irin tó bá ṣì dára máa ń dún gooro. Èyí tó bá ti sán máa ń dún bí ìkòkò tó là.

Iṣẹ́ yẹn ló sọ wọ́n di oníkánjú. Ojú ọ̀nà oko àwọn èèyàn bá ojú irin rìn níbi púpọ̀, ẹni tí bàbá mi ń bá pàdé láàárọ̀ kì í ṣe kékeré. Wọn ò ní ṣàìkí wọn, torí ọmọ tí a kọ́ ni wọ́n. Àmọ́ "Ẹ kú iṣẹ́ o!" yẹn, wọ́n á ti kọjá kí onítọ̀hún tó la ẹnu dáhùn. Ẹni tí ìwà yìí ń bí nínú jù ni Ìyá Mojíbọ́lá, tí ilé wọn wà létí ọ̀nà ní Iníṣà, tí wọ́n máa ń yan gàrí lójúde. Ṣíbí ìyangàrí á wà lókè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa pariwo tẹ̀lé bàbá mi lẹ́yìn: "Ọlọ́rundáre! O ò tún dúró gba èsì! Bí o bá kí èèyàn, ṣebí ó yẹ kí o gbọ́ bóyá ó yè tàbí ó ti kú!" Bàbá mi á juwọ́, wọn ò ní wẹ̀yìn.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi, Jemima, á fi aṣọ di abọ́ náà, wọ́n á ní kí n má gba orí irin, kí n gba ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá ti kúrò lójú wọn, orí irin náà ni mo máa gùn, n óò na apá méjèèjì, n óò máa rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ títí màá fi rí káàkí bàbá mi lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ó bá ṣe pé Ìkìrun ni wọ́n wà, inú mi á dùn jù, torí pé ibùdókọ̀ Ìkìrun nígbà yẹn, ayé ni. Ìyá Adéjọkẹ́ á gbé búrẹ́dì gbígbóná sórí, òórùn rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ òórùn epo ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí, tó ń mójú tó àsíá, á na àsíá pupa sí mi bí ẹni pé ọkọ̀ ni èmi náà, mo gbọ́dọ̀ dúró gbagidi títí yóò fi na èyí aláwọ̀ ewé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo ń gbé Ìkìrun títí di òní, mò ń rán aṣọ iléèwé, mo sì ń kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwa mọ̀ kọ́ ni mọ́. Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣìnà. Búrẹ́dì inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kò lóòórùn kankan.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n fi òòlù kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá mi láàmú. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, èmi ni mo ń gbé wọn bọ̀, títí dọjọ́ tí a jọ lọ tí a ò jọ bọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn ni bàbá mi ta gbogbo ewúrẹ́ ilé, wọ́n ní ìyá mi ló mọ̀ wọ́n lórúkọ, àwọn ò lè máa gbọ́ igbe wọn.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn ìkíni bàbá mi. Mo rò pé ìdánìkanwà ni. Mo ní ọkùnrin tí kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nílé, ó di dandan kó wá ẹni bá sọ̀rọ̀ níta. Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí i.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́ ni mo wá mọ òótọ́. Mo wá láti Ìkìrun, èmi àti bàbá mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí kò jìnnà rárá ni, ṣùgbọ́n ojúde tí a bá dé ni wọ́n ń dúró. Wọ́n kí alágbàfọ̀, wọ́n kí ẹni tó ń ta epo. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Mojíbọ́lá, mo mọ̀ pé orin àkọ́kọ́ máa kọjá wa. Màmá yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún, wọn ò yan gàrí mọ́, orí àga gbọọrọ ni wọ́n ń jókòó sí lójúde látàárọ̀, àpótí òfìfo kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọlọ́rundáre, ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, Màmá."

"Ọmọ ńkọ́? Ti Èkó ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà l'Ókukù ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Màmá."

"Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Abo funfun yẹn, ṣó ti bí?"

"Ó bí ìbejì, Màmá."

Mo fi ìgúnpá gún bàbá mi. "Bàbá, ewúrẹ́ wo?" Wọ́n ní kí n dákẹ́. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ọjọ́ ogbó Màmá ti dé, wọn ò rántí nǹkan mọ́, bàbá mi kàn ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni. Èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo ti ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹṣin tó fẹ́ sáré kí wọ́n tó ní ó dàbọ̀.

A ò rìn jìnnà tí wọ́n tún fi dúró. Ilé Bàbá Adéjàre káfíńtà ni. Bàbá Adéjàre ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, àgádágodo tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Bàbá mi kọjú sí ilẹ̀kùn náà. "Ẹ kú ilé o, Bàbá Adéjàre. Ilé ńkọ́?" Wọ́n sì dúró, wọ́n ń wo àgádágodo.

Mo ní ó tán, orí bàbá mi ti dàrú. Ìgbà tí mo wá wò wọ́n dáadáa ni mo rí i pé wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀, ọwọ́ wọn dì mọ́ ara ògiri, òógùn sì ń bọ́ níwájú orí wọn nínú ọyẹ́ tó ń bó gbogbo wa létè.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Mò ń kí wọn ni."

"Ta lẹ̀ ń kí? Bàbá Adéjàre tí a jọ sin?"

Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ni, Adétóun. Bí mo bá rìn díẹ̀, á há mi lẹ́yìn ojúgun bí ẹni fi irin dè é. Bí mo bá dúró, á tú sílẹ̀. Ṣé kí n wá máa dúró sójú títì bí olè tó ń ṣọ́ ilé onílé? Bí èèyàn bá dúró tí kò kí ẹnì kan, wọ́n á ní kí ló ń wá. Bó bá dúró tó ń kí wọn, ọmọlúàbí ni."

Ẹ̀rín pa mí, inú bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlú ń fi ẹsẹ̀ tó ń dunni pe ìwà rere! A ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tí mo bọ́ bàtà wọn nílé, mo rí egbò kan ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, etí rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń da omi iyọ̀ sí i. Mo bínú débi pé mo gbá ilẹ̀kùn, òòlù rélùwéè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ já lulẹ̀.

Láti ilé ìwòsàn àdúgbò, ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí wa ni wọ́n darí wa sí. Dókítà tí a bá níbẹ̀, Mofolúwakẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Igbaye ni, ọmọdé sì ni, àbúrò mi pátápátá ni yóò jẹ́. Ó fọwọ́ wá ibi tí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lẹ́sẹ̀ bàbá mi, ó wá a tì. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ti dí níbì kan, egbò náà ò lè jiná bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, bí a bá sì fi falẹ̀, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè la iṣan, wọ́n gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n mọ ibi tó ti dí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

"Egungun ló máa ń hàn nínú fọ́tò wa," ni dókítà wí. "Iṣan kì í hàn fúnra rẹ̀, àfi bí a bá fa nǹkan sínú rẹ̀. Nǹkan méjì la ní. Àkọ́kọ́ ni omi kan tí a ń pè ní dáì. Fọ́tò rẹ̀ mọ́ kedere, iṣan tó tín-ín-rín bí òwú máa hàn. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló máa sẹ́ ẹ kúrò lára. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà ti ba kíndìnrín Bàbá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn. Ó lè fara dà á, ó sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀."

Nígbà tí mo gbọ́ kíndìnrín, mo rí ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn.

"Èkejì ńkọ́?" ni bàbá mi béèrè.

"Gáàsì ni, Bàbá."

"Èyí tí a fi ń dáná?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Èyí tí a ń mí síta ni, òun náà ló ń hó nínú mínírà. Kì í ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan. Ó máa yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ óò sì mí i dànù. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ ò mọ́ tó ti dáì. Ní itan, ó dáa. Tó bá ti kọjá orúnkún, ó máa ń já sí wẹ́wẹ́, ojú lè fo ibi tó yẹ kó rí. Ó sì máa ta yín lẹ́sẹ̀ bó bá ń wọlé. Bí ẹ bá mira, fọ́tò bàjẹ́ nìyẹn, a óò tún un yà."

Àbúrò mi ọkùnrin, Olúwadàmọ́lá, wà lórí fóònù láti Èkó, mo ti ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó fi igbe ta. "Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Nọ́ọ̀sì á fìka ta abẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà wọ ara èèyàn, ẹ̀yin wá fẹ́ fa afẹ́fẹ́ sí bàbá mi lára?"

Dókítà fi sùúrù dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ ìta kì í yọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un nìyẹn, èyí ń yọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà, àwọn kì í jẹ́ kó gba ọ̀nà orí tàbí ọ̀nà ọkàn, ẹsẹ̀ nìkan ni.

"Ẹ fún wọn ní dáì," ni Dàmọ́lá wí. "Kí ni fọ́tò tí kò mọ́ fẹ́ ṣe? Bójú bá fo ibi tó dí, ẹsẹ̀ lọ nìyẹn."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ lo gbé ìyá wa lọ sídìí ẹ̀rọ? Èmi ni! Èmi ni mo mọ bí kíndìnrín ṣe ń pani!"

Ó ní, "Sìstá mi, èmi náà sunkún Màmá."

Dókítà ló gba gbogbo wa sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun ti ń rò ni pé kí wọ́n fi gáàsì ya gbogbo ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì wá jẹ́ pé ibi tí kò bá hàn nìkan ni wọ́n máa fa dáì sí, díẹ̀ bíńtín. Bàbá mi mi orí títí. "Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ la fi ń rin gbogbo ojú irin. Ibi tí etí bá ti ṣiyèméjì nìkan la máa ń gbẹ́ wò. Bí a bá ní ká gbẹ́ gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ò ní kọjá mọ́." Wọ́n kọjú sí fóònù. "Dàmọ́lá, ṣóo gbọ́?" Àbúrò mi ní òun gbọ́, sà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Mò ń wo bàbá mi níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí nínú aṣọ ilé ìwòsàn, wọ́n kéré lójú mi. Ojú wọn là sílẹ̀, wọn ò kùn wọ́n lóorun. Dókítà ti ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba itan wọn wọlé. Ó ní, "Bàbá, ó ń bọ̀ o. Ẹ má mira."

Mo rí i tí ojú wọn fún pọ̀. Mo rí i tí ìka ọwọ́ wọn di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú. Ẹsẹ̀ yẹn ò mì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn láti inú ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Adéjọkẹ́. Búrẹ́dì ti jinná?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Olúsọjí, ọ̀gá alásíá. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Wọ́n tún dákẹ́.

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ wò mí. "Màmá, ṣé ọpọlọ wọn pé ṣá?"

"Ó pé," ni mo wí. "Ojú irin ni wọ́n ń rìn."

Láti Ìkìrun ni wọ́n ti gbéra. Gbogbo ẹni tí wọ́n máa ń kọjá lára wọn láìdúró ni wọ́n ń kí, ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan: àwọn tó ń lọ sóko Ìbà, ẹni tó ń kó igi ìdáná, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé òòlù. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Bí wọ́n bá ti kí ẹnì kan tán, wọ́n á dúró kí èsì tó lè dé. Dókítà á ní, "Ó tún ń bọ̀, Bàbá," wọ́n á sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé Iníṣà, wọ́n ní, "Màmá, ẹ kú iná o," mo sì mọ̀ pé Ìyá Mojíbọ́lá nìyẹn nídìí agbada gàrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ pẹ́, mo rò pé ó ti parí.

"Jemima," ni wọ́n wí. "Mo dé o. Ṣé o wà?"

Mo kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì náà. Omi ojú mi kò dúró gbàyè kó tó dà. Àárò ìyá mi sọ mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí a sin wọ́n lọ, àárò tàwọn méjèèjì, àárò káàkí lórí okùn àti abọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì. Nígbà tí mo padà yíjú, ẹsẹ̀ bàbá mi wà níbi tí wọ́n gbé e sí, kò yẹ̀ rárá.

Gáàsì ṣe gẹ́gẹ́ bí dókítà ti wí. Láti itan dé orúnkún, fọ́tò dáa. Nísàlẹ̀, ó já sí wẹ́wẹ́ bí ìfófò ọṣẹ, wọn ò sì lè sọ pé bóyá iṣan méjì ló wà níbẹ̀ tàbí ẹyọ kan. Ni wọ́n bá fa dáì síbẹ̀, kò ju ìwọ̀n oògùn ikọ́ tí a ń fún ọmọdé mu lọ, iṣan kejì sì yọ jáde kedere. Wọ́n fi rọ́bà kékeré kan tí wọ́n ń fẹ́ nínú iṣan la ibi tó dí. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí èsì àyẹ̀wò kíndìnrín fi dé. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, kò burú sí i. Mo pe Dàmọ́lá, àwa méjèèjì kàn ń pariwo sí ara wa létí ni, ẹnì kan ò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, dókítà pè wá wá wo fọ́tò tí wọ́n yà kí wọ́n tó la iṣan. Ojú iṣan itan ti dí gan-an, gígùn ibi tó dí bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn iṣan wínníwínní kan wà, wọ́n wé mọ́ra, wọ́n yí ibẹ̀ po kọjá, bí ipa ẹsẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń là sínú igbó nígbà tí wọ́n bá dí ọ̀nà.

"Àwọn wọ̀nyí ni ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí ti kú," ni dókítà wí. "Ìrìn ló ń là wọ́n. Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn tó ní irú àìsàn yìí ni pé kí wọ́n rìn títí yóò fi dùn wọ́n, kí wọ́n dúró kó tú sílẹ̀, kí wọ́n tún rìn. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é, wọ́n á jókòó sílé. Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

Bàbá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n. "Àwọn ará Iníṣà ni," ni wọ́n wí.

Egbò náà jiná kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí mo tún wá láti Ìkìrun, ìrìn rélùwéè ni bàbá mi ń rìn, bàtà gíga tí mo wọ̀ kò jẹ́ kí n bá wọn. "Ẹ kú ilé o!" "Ẹ kú àárọ̀ o!" Wọ́n ti kọjá. Inú mi dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín nìkan lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ìyàwó alágbàfọ̀ ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Bàbá Rélùwéè ti yí padà o. Àbí kí la ṣe fún wọn?" N kò bìkítà. Kí wọ́n máa wí lọ.

A dé ojúde Ìyá Mojíbọ́lá. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá!" Bàbá mi ti kọjá.

"Ọlọ́rundáre."

Wọn ò pariwo bí ti àtijọ́. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n pe orúkọ náà. Bàbá mi dúró.

"Ó ti san, àbí?"

"Ó ti san, Màmá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Mo rí i. O ò dúró gba èsì mọ́."

Èmi tí n kò mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́, mo dá sí i. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n nígbà yẹn ni?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Ta ni ò ní mọ̀? Ṣebí ojú wà lórí mi."

"Ẹ wá ń bi wọ́n léèrè ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ wo? Ìwọ rò pé n kò mọ ìgbà tó ta ewúrẹ́? Ṣebí lójú mi ni wọ́n ṣe kó wọn sínú ọkọ̀, lẹ́yìn tí Jemima kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá ti gbé e sókè bí adìyẹ tí òjò pa, mo mọ̀ pé kò tíì tú sílẹ̀. Màá kí ọmọ tán, màá kí ẹ̀gbọ́n tán, kò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Kí ló kù tí mo fẹ́ bi í? Ni mo bá fa ewúrẹ́ wọ̀ ọ́. Bó bá ti wá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, èmi náà á ní ó dàbọ̀."

Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ ò wá sọ ọ́ síta."

"Kí n sọ kí ni?" Màmá fi ọwọ́ nu àpótí òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku lórí rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ lo fi sáré kọjá níwájú mi. Ìgbà tí o wá dúró, ṣé kí n ní ẹsẹ̀ ló dá ọ dúró ni? Èmi ní tèmi, ó wù mí kí o máa dúró."

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù. Bàbá mi padà wá, wọ́n jókòó sórí àpótí náà, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ti san síwájú nínú oòrùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni wọ́n wí. "Ṣé dáadáa lẹ jí? Mojíbọ́lá ńkọ́?"

Wọ́n sì dúró de èsì. Màmá ní Mojíbọ́lá ò tíì pe òun láti ìjẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà látorí ìgbà tí wọ́n bí i. Aago tún lù lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà bọ́ bàtà gíga mi, mo jókòó sílẹ̀.